Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Bí Olùdíje Bá Pọ̀ Ju Àkókò Orí Rédíò Lọ

Ọ̀rọ̀ ìdìbò abẹ́lé ló gba gbogbo ojú ìwé yìí lọ́tẹ̀ yìí. Láti ìgbà tí a ti kéde pé a ó dáhùn ìbéèrè lórí bí àwọn oníròyìn ṣe ń tẹ̀lé àwọn tí ń du tíkẹ́ẹ̀tì ilé aṣòfin ni lẹ́tà ti ń wọlé láti ìgboro Òṣogbo àti àyíká rẹ̀. Mo ti pa àwọn tí ìbéèrè wọn jọra pọ̀, mo yọ orúkọ gbogbo èèyàn kúrò, mo sì gé èébú tí àwọn kan fi parí lẹ́tà wọn sọnù.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Òkè-Fìà. Ọmọ mi kan ń gbé ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, òun ló sọ fún mi pé lọ́dún 2018, èèyàn mẹ́wàá ló jáde nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo láti du ìjókòó kan ní ilé aṣojú-ṣòfin wọn, àti pé ìbò tí ẹni tó wọlé fi ju ẹnì kejì lọ kò tó igba. Báwo ni ìwé ìròyìn àdúgbò ṣe ń ròyìn èèyàn mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà láì gbè sẹ́yìn ẹnì kan? Ṣé òfin ló dè wọ́n ni, àbí ìwà ọmọlúàbí? Ní tiwa níbí, ohùn ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ nìkan ni à ń gbọ́ lórí rédíò.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, olùkọ́ wa. Òótọ́ ni ọmọ yín sọ. Ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2018 ni ẹgbẹ́ Democrat ṣe ìdìbò abẹ́lé náà ní ẹkùn kẹta ìpínlẹ̀ Massachusetts, lẹ́yìn tí Niki Tsongas tó wà lórí ìjókòó yẹn ti sọ pé òun kò ní padà. Orúkọ mẹ́wàá ló wà lórí ìwé ìdìbò. Nígbà tí wọ́n tún ìbò kà tán, ìbò 145 ni Lori Trahan fi borí Dan Koh tó ṣìkejì. Bọ́ọ̀sì akérò mọ́kànlá yóò kó gbogbo àwọn tó dá ìyàtọ̀ yẹn sílẹ̀. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù níbẹ̀ ni pé ìbò tí Trahan ní kò tó ìdá 22 nínú 100. Nínú èèyàn márùn-ún tó dìbò lọ́jọ́ náà, nǹkan bí mẹ́rin ló fẹ́ ẹlòmíràn, síbẹ̀ òun ló gba tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ní ìpínlẹ̀ yẹn, ẹni tí ìbò rẹ̀ bá ti pọ̀ jù ló borí, bó ti wù kí ó kéré tó. Gbogbo ìpínlẹ̀ kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Texas àti Georgia, bí kò bá sí ẹni tó ní ju ìdajì lọ, àwọn méjì tó ṣíwájú yóò tún padà sí pápá. Ní Maine, láti ọdún 2018, òǹdìbò máa ń to àwọn olùdíje tẹ̀léra bí ó ṣe fẹ́ràn wọn sí.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé òun ló sọ ìròyìn di ohun tó wúwo. Bí èèyàn méjì bá ń díje, ìwé ìròyìn tó ya ojú ìwé púpọ̀ sọ́tọ̀ fún ọ̀kan lè pa èkejì lára, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn yóò ṣì mọ̀ pé èkejì wà. Bí wọ́n bá di mẹ́wàá, tí gbogbo wọn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan náà, tí ìlérí ẹnu wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹni tí akọ̀ròyìn kò bá dárúkọ kò yàtọ̀ sí ẹni tí kò jáde rárá. Ẹni tí ó ń ka orúkọ ló ní agbára jù nínú irú ìdìbò bẹ́ẹ̀, ó ju ẹni tí ń yìn tàbí tí ń bú lọ. Nítorí náà, ohun tí mo máa ń wò lára oníròyìn lásìkò ìdìbò abẹ́lé ni bóyá ó sọ òṣùwọ̀n tó fi yan àwọn tó kà, kí ó tó yàn wọ́n.

Ẹ béèrè nípa òfin. Òfin wà, ṣùgbọ́n kò sí níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò. Òfin ìbánisọ̀rọ̀ tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1934, ní abala 315, sọ pé ilé iṣẹ́ rédíò tàbí tẹlifíṣàn tó bá gba olùdíje kan láyè gbọ́dọ̀ fún àwọn tí wọ́n jọ ń du ipò ní irú àyè kan náà. Lọ́dún 1959, wọ́n yọ ìròyìn àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àwọn oníròyìn kúrò lábẹ́ rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ìpolówó àti ètò tí kò jẹ mọ́ ìròyìn ni òfin náà ń ṣọ́ jù. Ìwé ìròyìn kò sí lábẹ́ rẹ̀ rárá. Lọ́dún 1974, nínú ẹjọ́ tó wà láàárín ìwé ìròyìn Miami Herald àti Pat Tornillo, ẹni tó ti du ipò ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Florida, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé òfin ìpínlẹ̀ náà tó ń fi túláàsì mú ìwé ìròyìn tẹ èsì olùdíje tó bá ti bẹnu àtẹ́ lù.

Ẹjọ́ tó sún mọ́ ìbéèrè yín jù lọ ni ti Ralph Forbes. Lọ́dún 1992, ó jáde láti du ìjókòó ẹkùn kẹta ìpínlẹ̀ Arkansas láìsí ẹgbẹ́ òṣèlú kankan lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ìdìbò bó ti yẹ, ṣùgbọ́n tẹlifíṣàn tó jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ náà kò pè é síbi ìtàkùrọ̀sọ tí wọ́n ṣe fún àwọn olùdíje ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì. Lọ́dún 1998, adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án dá tẹlifíṣàn náà láre, wọ́n ní kì í ṣe nítorí èrò ọkàn rẹ̀ ni wọ́n ṣe fi í sílẹ̀, pé àwọn tó ń tẹ̀lé e ni kò tó nǹkan. Mo gbà pé àga kò lè tó gbogbo èèyàn. Síbẹ̀, ìdájọ́ yẹn fún ilé iṣẹ́ ìròyìn láyè láti yí ọ̀rọ̀ po mọ́ olùdíje kékeré lọ́wọ́: a kò pè ọ́ nítorí pé o kò lókìkí, o kò sì lókìkí nítorí pé a kò pè ọ́.

Òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn ibẹ̀ fẹ́ràn jù ni owó. Ẹni tó bá ń du ilé aṣòfin àpapọ̀ lọ́hùn-ún gbọ́dọ̀ máa fi àkọsílẹ̀ owó tó rí gbà ránṣẹ́ sí àjọ tí wọ́n ń pè ní Federal Election Commission, orúkọ ẹni tó bá fi ju 200 dọ́là ta á lọ́rẹ sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí gbogbo ayé lè kà á. Ètò tó dára ni. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ń sọ akọ̀ròyìn di ọ̀lẹ: ó lè jókòó sí ọ́fíìsì, kí ó wo ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù, kí ó sì pe onítọ̀hún ní aṣíwájú láì tíì bá òǹdìbò kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n gbójú fo Alexandria Ocasio-Cortez ní New York lọ́dún 2018 kan náà. Joe Crowley tó wà lórí ìjókòó ti wà nílé aṣòfin láti ọdún 1999, òun ni ẹnì kẹrin láàárín àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, owó rẹ̀ sì ju ti obìnrin náà lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ńlá kò ka ìdíje náà sí ìdíje, àfi ìgbà tó di alẹ́ ọjọ́ 26 oṣù kẹfà tí obìnrin náà dá Crowley lẹ́yìn kọlẹ̀. Níbí, iye fọ́ọ̀mù ló ń ṣe iṣẹ́ tí àkọsílẹ̀ owó ń ṣe lọ́hùn-ún. Lọ́dún 2022, mílíọ̀nù 10 náírà ni ẹgbẹ́ APC ń ta fọ́ọ̀mù ilé aṣojú-ṣòfin, PDP sì ń ta tirẹ̀ ní mílíọ̀nù 2.5. Kí rédíò tó yan ẹni tí yóò pè, fọ́ọ̀mù ti kọ́kọ́ yan tirẹ̀.

Ìwé ìròyìn àdúgbò tó bá mọṣẹ́ ní ọ̀nà kan tí kò gba owó púpọ̀. Yóò kọ ìbéèrè kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo olùdíje, yóò dá iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè fi dáhùn àti ọjọ́ tí ìdáhùn gbọ́dọ̀ wọlé fún wọn, yóò sì tẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, bí ábídí orúkọ wọn bá ṣe tò ó. Bí ẹnì kan kò bá dáhùn, wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, wọn yóò sì sọ pé kò dáhùn. Òǹkàwé á wá gbé ọ̀rọ̀ ẹnì kìíní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kẹwàá, á fúnra rẹ̀ rí ẹni tó mọ ohun tó ń sọ. Ìbéèrè gan-an ni iṣẹ́ ńlá níbẹ̀. Bí a bá bi èèyàn mẹ́wàá bóyá wọ́n fẹ́ràn ìdàgbàsókè, ìdáhùn kan náà ni gbogbo wọn yóò mú wá. Bí a bá bi wọ́n léèrè òpópónà tí wọn yóò kọ́kọ́ gbé àbá rẹ̀ wá, owó rẹ̀ àti ẹni tí yóò san án, ojú á là.

Ìṣòro kan tún wà tó pa tiwọn àti tiwa pọ̀. Ẹkùn kẹta Massachusetts yẹn ní ìlú bíi Lowell, Lawrence, Haverhill àti Fitchburg nínú. Ìwé ìròyìn tí wọ́n ń kà ní Lowell yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń kà ní Lawrence, ó sì jẹ́ ìwà ẹ̀dá kí ìwé ìròyìn kọ́kọ́ rí ọmọ ìlú rẹ̀. Ẹ wo ẹkùn tiwa: Òṣogbo, Ọlọ́rundá, Ìrẹ́pọ̀dùn àti Òrolú ló jọ ń yan aṣojú-ṣòfin kan ṣoṣo. Ìgboro Òṣogbo ni ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn pọ̀ sí, nítorí náà ẹni tó bá jáde láti Ìlobùú tàbí Ìfọ́n gbọ́dọ̀ wọkọ̀ wá sí Òṣogbo kí àwọn ará ilé rẹ̀ tó gbọ́ ohùn rẹ̀. N kò rò pé ìkórìíra ló fa èyí. Akọ̀ròyìn tí wọn kò fún lówó ọkọ̀ kò ní lọ ju ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbé e dé, ẹni tó bá sì fún un lówó ọkọ̀ ni yóò lọ gbọ́ tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀gúnjẹ ti ń bẹ̀rẹ̀, bí ilé iṣẹ́ tó ń rán èèyàn níṣẹ́ kò bá san owó iṣẹ́. Ẹ má sì rò pé ara àwọn ará Amẹ́ríkà le ju èyí lọ o: láti ọdún 2005 wá, ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ìwé ìròyìn wọn tó ti kógbá sílé, ti àwọn ìlú kéékèèké ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

ÌBÉÈRÈ: Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni mí. Mo máa ń ra wákàtí kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ilé iṣẹ́ rédíò kan nílùú yìí. Lásìkò ìdìbò abẹ́lé tó kọjá, èèyàn méje ló ń du tíkẹ́ẹ̀tì kan náà. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ ra gbogbo àkókò mi fún oṣù kan gbáko, ṣùgbọ́n ó ní n kò gbọdọ̀ pe méjì nínú àwọn yòókù. Gbèsè sì wà lọ́rùn mi ní rédíò náà. Kí ni kí n ṣe bí irú rẹ̀ bá tún dé?

ÌDÁHÙN: Ẹni tí kò bá san owó àkókò orí rédíò rí kò lẹ́nu láti bú yín. Oníṣòwò àti oníròyìn ni yín pa pọ̀, kò sì sí ọjọ́ tí méjèèjì kì í fa ara wọn láṣọ ya. Ẹ ta ìpolówó fún ọkùnrin náà bí ó bá fẹ́ rà á. Kí ẹ sọ kí ìpolówó náà tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tún un sọ nígbà tó bá parí, pé owó ni wọ́n fi gbé e sáfẹ́fẹ́. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ tà ni àga àlejò, ìbéèrè tí ẹ ó bi àlejò, àti orúkọ àwọn tí ẹ kò ní pè. Ẹni tó ń rà yín kí ẹ má pe ẹlòmíràn kò ra ìpolówó rárá. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yín ló rà, a kì í sì í kéde ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lórí afẹ́fẹ́ kí àwọn olùgbọ́ lè mọ̀ pé wọ́n ti san owó rẹ̀.

Ní ti òfin, àjọ NBC tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1992 láti máa bójú tó rédíò àti tẹlifíṣàn ní ìlànà tó sọ pé kí àyè dọ́gba fún àwọn olóṣèlú, kí ìpolówó òṣèlú sì hàn gbangba pé ìpolówó ni. Ilé iṣẹ́ rédíò ló ni ìwé àṣẹ, nítorí náà bí ìyà bá dé, òun ni yóò kọ́kọ́ bà, ẹ̀yin ni yóò sì kọ́kọ́ lé jáde. Òfin ìdìbò ọdún 2022, tí a fi ṣe ìdìbò 2023, tún sọ ní abala 95 pé a kò gbọdọ̀ fi ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba gbe ẹgbẹ́ tàbí olùdíje kan tàbí kí a fi ṣe òmíràn níbi. Àlàfo tó wà níbẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ òṣèlú àti olùdíje ni abala náà dárúkọ, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó ṣì ń wá tíkẹ́ẹ̀tì nínú ẹgbẹ́ kò tíì di olùdíje ẹgbẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ àbòsí ìdìbò abẹ́lé ló ń gba inú àlàfo yẹn kọjá. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gá rédíò kan yóò bínú sí gbólóhùn yìí, ṣùgbọ́n bí òfin kò bá dé ibì kan, kò sọ pé kí ojú ó má ti wá níbẹ̀.

Nípa ìṣe rẹ̀ gan-an, ohun tí mo lè gbà yín nímọ̀ràn ni pé kí ẹ kọ ìlànà yín sílẹ̀, kí ẹ sì kà á sórí afẹ́fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó dé. Nínú wákàtí kan, bí ẹ bá yọ ìkíni àti ìpolówó kúrò, ó lè ku nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. Ìṣẹ́jú mẹ́fà-mẹ́fà fún èèyàn méje jẹ́ 42. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣẹ́ gègé ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, níwájú aṣojú gbogbo wọn. Bí ẹnì kan bá sọ pé òun kò ráyè, òun yóò rán agbẹnusọ, ẹ má gbà á. Ẹ sọ fún àwọn olùgbọ́ pé a pè é, kò wá, kí ẹ sì máa bá ètò lọ. Crowley tí mo dárúkọ lókè rán ẹlòmíràn lọ ṣojú òun níbi ìtàkùrọ̀sọ kan ní Bronx, àwọn olóòtú New York Times sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn wọn pé ìwà náà kò tọ́. Ẹ tún ṣọ́ àwọn tí ń pè wọlé. Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn olóṣèlú máa ń gba ìlà kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á sì máa ka oríkì ọ̀gá wọn láti orí ìwé. Ẹ ní kí ẹni tó bá pè sọ wọ́ọ̀dù rẹ̀, kí ó béèrè ìbéèrè kan, kí ó sì sọ fóònù kalẹ̀.

Àyè tó dọ́gba kì í fìgbà gbogbo ṣeé ṣe, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dá yín lẹ́bi. Nígbà ìdìbò gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ́dún 2018, olùdíje 48 ló wà lórí ìwé ìdìbò. Bí rédíò kan bá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, wákàtí mẹ́jọ nìyẹn láìsí orin, láìsí ìròyìn. Níbi tó bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, yíyàn di dandan, ìbéèrè tó kù ni pé kí ni ẹ fi yàn. Bí ẹ bá lè sọ ọ́ lójú àwọn tí ẹ kò yàn, ó tọ́. Ní ti gbèsè yẹn, ẹ lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ yín nínú FIBAN, ẹgbẹ́ àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, sọ̀rọ̀. Bí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó wà nílùú kan bá fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò ní ta àga àlejò, olóṣèlú tí ẹ lé kò ní rí ẹnu ọ̀nà kejì wọlé.

ÌBÉÈRÈ: Mo gbọ́ pé àwọn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà máa ń kọ ọ́ ketekete pé lágbájá ni kí ẹ dìbò fún. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti gba owó nìyẹn? (Òǹkàwé, Ìgbọ̀nà)

ÌDÁHÙN: Ìgbìmọ̀ olóòtú ló ń kọ ọ́, ojú ìwé èrò ni wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ sí, lọ́tọ̀ sí iṣẹ́ àwọn akọ̀ròyìn. Àṣà náà ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn, kì í sì í ṣe ohun tí à ń fi owó rà. Ṣùgbọ́n nínú ìdìbò abẹ́lé tí èrò pọ̀ sí, ó wúwo ju bí ó ṣe ń rí nígbà ìdìbò gbogbogbò lọ, nítorí pé orúkọ ẹgbẹ́ kò lè ran òǹdìbò lọ́wọ́ láti yan ẹnì kan níbi tí gbogbo wọn ti wọ aṣọ ẹgbẹ́ kan náà. Ní ẹkùn kẹrin Massachusetts lọ́dún 2020, Boston Globe kọ̀wé gbe Jake Auchincloss, òun ló sì borí pẹ̀lú ìdá tí kò tó 23 nínú 100. Ní ẹkùn kẹwàá New York ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ó ju èèyàn mẹ́wàá lọ tó wà lórí ìwé ìdìbò. New York Times gbe Dan Goldman ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìdìbò, Goldman sì wọlé pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 26 nínú 100, tó fi nǹkan bí ìbò 1,300 ju Yuh-Line Niou lọ. Kò sẹ́ni tó lè búra pé ìwé ìròyìn ló gbé wọn wọlé, ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàtọ̀ bá kéré tó bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè búra pé kò lọ́wọ́ sí i. Bóyá ìdí nìyí tí New York Times fi kéde lọ́dún 2024 pé òun kò ní máa gbe olùdíje mọ́ nínú àwọn ìdìbò New York.

Èrò tèmi lè ya ẹ̀yin òǹkàwé kan lẹ́nu: mo fẹ́ kí ìwé ìròyìn wa tó bá ní ẹni tó ń gbè máa kọ ọ́ jáde pẹ̀lú ìdí rẹ̀, ju kí ó máa fi àwòrán ojú ìwé àkọ́kọ́ àti àkọlé ṣe é lábẹ́lẹ̀ lọ. A lè jiyàn pẹ̀lú ìdí tí a kọ sílẹ̀. Àwòrán ẹnì kan náà tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò fún wa ní nǹkan kan tí a lè bá jiyàn.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá ọlọ́jà ni mí ní Ọjà Ọba. Àwọn díligéètì ló ń yan ẹni tí ẹgbẹ́ ń fà kalẹ̀, kì í ṣe àwa. Kí wá ni rédíò ń dà wá láàmú fún pẹ̀lú ìròyìn ìdìbò abẹ́lé?

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Ìbéèrè yín tọ́, ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ mọ́ irú ìdìbò abẹ́lé tí ẹgbẹ́ bá yàn. Òfin ọdún 2022, tí a fi ṣe ìdìbò 2023, gba ọ̀nà mẹ́ta láyè nígbà náà ní abala 84: kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò, kí díligéètì dìbò, tàbí kí wọ́n fẹnu kò sórí ẹnì kan. Bí díligéètì bá ni, ìròyìn tó yẹ yín kọ́ ni ti ọ̀rọ̀ dídùn tí olùdíje ń sọ, nítorí pé kò bá yín sọ̀rọ̀. Ohun tó yẹ kí rédíò sọ fún yín ni orúkọ àwọn díligéètì wọ́ọ̀dù yín, bí wọ́n ṣe yàn wọ́n, àti ibi tí wọ́n ti yàn wọ́n. Lọ́dún 2022, Ààrẹ Buhari kò fọwọ́ sí àtúnṣe òfin tí ìbá jẹ́ kí àwọn tó wà nípò, bíi aṣòfin àti kánsílọ̀, dìbò gẹ́gẹ́ bí díligéètì. Àwọn tí wọ́n yàn ní wọ́ọ̀dù nìkan ló dìbò. Àdúgbò yín ni irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ń gbé. Ó lè jẹ́ oníbàárà yín. Ẹ lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ẹni tó dìbò fún àti ìdí rẹ̀, bí kò tilẹ̀ ní fẹ́ dáhùn.

Iye wọn kéré, ìdí nìyẹn tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn fi wúwo. Nígbà tí PDP yan ẹni tí yóò du gómìnà Ọ̀ṣun lọ́dún 2018, ìbò méje péré ni Ademola Adeleke fi ju Akin Ogunbiyi lọ. Ní ti ìfẹnukò, òfin yẹn sọ pé gbogbo àwọn tí ẹgbẹ́ ti yẹ̀ wò gbọ́dọ̀ kọ̀wé pé àwọn fi ipò náà sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n fẹnu kò lé lórí. Akọ̀ròyìn tó bá gbọ́ pé "a ti fẹnu kò" tí kò sì béèrè pé kí wọ́n fi àwọn lẹ́tà náà han òun, ìkéde ẹgbẹ́ ló gbé wá fún yín, ìròyìn kọ́.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìròyìn ni mí. Ẹlẹgbẹ́ mi kan sọ pé ìwé ìròyìn kékeré kò lè yí ìdìbò ilé aṣòfin padà. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ó lè rí ohun tí àwọn ńlá kò rí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìyókù rẹ̀ fún yín. Ní Long Island, ní New York, ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan tó ń jẹ́ North Shore Leader ti kọ ọ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 pé àkọsílẹ̀ dúkìá tí George Santos, tó ń du ilé aṣojú-ṣòfin, fi sílẹ̀ ń rú òun lójú. Kò sí ilé iṣẹ́ ìròyìn ńlá tó gbé e. Santos wọlé ìdìbò gbogbogbò. Oṣù kejìlá ni New York Times tó tú àṣírí rẹ̀, tó di pé ní ọjọ́ 1 oṣù kejìlá ọdún 2023, ìbò 311 sí 114 ni ilé aṣojú-ṣòfin fi lé e jáde. Ìwé kékeré náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ní gbohùngbohùn ńlá ni kò gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ bá ríṣẹ́ ní rédíò ńlá lọ́jọ́ iwájú, ẹ máa ka ohun tí àwọn kékeré ń kọ, kí ẹ sì máa dárúkọ wọn bí ẹ bá lò ó.

ÌBÉÈRÈ: Rédíò kan ní kí a fi ọ̀rọ̀ ṣọwọ́ lórí fóònù láti sọ ẹni tí a fẹ́ kó gba tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì kéde pé ẹnì kan ti ń ṣíwájú. Ṣé ó ṣeé gbà gbọ́? (Òǹkàwé, Ògo-Olúwa)

ÌDÁHÙN: Kò ṣeé gbà gbọ́. Ẹnì kan lè fi ìlà mẹ́rin ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, olùdíje sì lè ra káàdì fún igba ọmọ ẹ̀yìn. Àwọn tó gbọ́ ètò náà nìkan ló sì dáhùn, a kò mọ bí wọ́n ṣe jọ àwọn tí yóò dìbò. Bí atọ́kùn bá tún ka irú èsì bẹ́ẹ̀, ẹ pè é, kí ẹ bi í lórí afẹ́fẹ́ pé nọ́ńbà fóònù mélòó ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, mélòó nínú wọn ló ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àti ta ló san owó ètò náà.